Gíláàsì Bò Mí Lójú, N Kò Dúró

Wiltz, Luxembourg
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá, ọdún 2011

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Orúnkún yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń sun èso castanha jẹ báyìí, ẹnikẹ́ni ò sì fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí mi.

Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ. Arúgbó mẹ́fà ni mò ń lọ tọ́jú nílé wọn láràárọ̀. Mo máa ń wẹ̀ wọ́n, mo máa ń fún wọn lóògùn, mo sì máa ń gbé oúnjẹ síwájú wọn. Ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé mi ni Madame Thilges, ìyá ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a jà, ojú rẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́, kò lè gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Aago méje àárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí kò lè fẹnu kan búrẹ́dì kí n tó gún un. Abúlé rẹ̀ tó kìlómítà mẹ́rìndínlógún sí ibí, àárín òkè àti igbó ni ọ̀nà gbà, bọ́ọ̀sì kì í sì í débẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ra alùpùpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pariwo. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ẹńjìnnì rẹ̀ dára. Ó yẹ kí n sọ fún yín kí n tó rà á, àmọ́ ẹlòmíì ti fẹ́ gbé e lọ.

Màmá, òtútù fẹ́ pa mí. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn, ìka mi á ti le bí igi, n óò kọ́kọ́ tẹ ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí n tó lè di abẹ́rẹ́ mú. Ìyẹn ṣì kéré. Gíláàsì ojú àṣíborí mi lọ̀rọ̀ wà. Kí n tó gun òkè kejì, èémí mi á ti bò ó, á funfun bíi wàrà. Bí mo bá ṣí i sókè, omi á máa dà lójú mi, eyín á sì máa ro mí. Bí mo bá pa á dé, n kò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ fi ọdún méjìlélógún gun alùpùpù pín lẹ́tà lórí òkè. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Èmi ọmọ yín,
Eurico


Vilarelho da Serra
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kọkànlá

Eurico ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ lánàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bínú lẹ́ẹ̀mejì. Orúnkún mi wà níbẹ̀. Castanha rẹ ń bọ̀ nínú páálí.

Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, o ní kí n máa já ọ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ má baà rí ìyá tó ń gun alùpùpù. Mo ní kí n kọ́ ọ, o ní mọ́tò lo máa rà ní tìẹ. Ìwọ lo wá lọ ra alùpùpù níbi tí omi ti ń dì yẹn, láìbéèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó dáa náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Inú mi dùn pé o lanu nígbẹ̀yìn.

Gbọ́. Inú ilé ni ara ti ń móoru, kì í ṣe lójú ọ̀nà. Bí o bá fi òtútù jáde nílé, òtútù lo máa gbé débẹ̀. Jẹun kí o tó gùn ún, nǹkan gbígbóná, kó wọnú dáadáa. Má wọ aṣọ òwú mọ́ ara, bó bá ti fa òógùn mu, tútù ló máa tutù sí ọ lára. Irun àgùntàn ni kó kan ara rẹ, kí o wọ súwẹ́tà lé e, kí ohun tí atẹ́gùn ò lè là kọjá sì wà lókè pátápátá. Nígbà tí n kò ní irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, ìwé ìròyìn ni mo máa ń tẹ́ sí àyà, ojú ewé mẹ́jọ. Má wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú bàtà tó fún, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, ẹsẹ̀ rẹ á sì kú. Ní ìbọ̀wọ́ méjì, kí o fi ìkejì sínú ẹ̀wù lẹ́bàá ikùn rẹ, kí ó máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ dè ọ́.

Ní ti gíláàsì, ọṣẹ ni. Fi ọṣẹ pa inú rẹ̀.

O ti máa ń ní kí n ra fóònù. Atẹ́gùn àti ariwo ẹńjìnnì ti jẹ etí mi tán. Bí o bá ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, bí eṣinṣin inú ìgò lo ṣe máa ń dún sí mi. Lẹ́tà ni kí o máa kọ.

Ìyá rẹ,
Zulmira


Wiltz
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá

Màmá mi,

Ẹ ṣeun, ẹ kú wàhálà. Castanha dé láìbàjẹ́. Ìwé ìròyìn yẹn ṣiṣẹ́! Àyà mi gbóná débi pé ń ṣe ni mo ń kọrin lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ọṣẹ yín dójú tì mí. Mo da ọṣẹ olómi tí mo fi ń fọ abọ́ sínú gíláàsì, mo fi ìka pa á yíká, mo sì gbéra. Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo dé inú igbó. Omi wọlé láti òkè, ọṣẹ bá ń hó. Ó ṣàn wọ ojú mi, ó ṣàn wọ ẹnu mi. Ojú kan ni mo là dé ọ̀dọ̀ Madame Thilges. Ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa yẹn náà rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Eurico, orí alùpùpù lo ti ń fá irùngbọ̀n ni?"

Mo ní, "Madame, ìyá mi ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Kí lo fi ṣe ìyá ẹ tó fi ń gbẹ̀san báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi gún un tán, kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọlé.

Mo ti gba ààyè láti wá sílé fún Kérésìmesì. Ọjọ́ kẹtàlélógún ni n óò wọ bàálù.

Eurico


Vilarelho da Serra
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejìlá

Eurico,

Mo ka lẹ́tà rẹ sókè ní ilé kọfí Abílio, wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ, èmi náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ta ló ní kí o da ọṣẹ abọ́ sójú? Ọṣẹ líle ni, gbígbẹ, kí o fà á lójú gíláàsì bí ẹni tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé. Lẹ́yìn náà, o máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún, nù ún, títí ojú rẹ ò fi ní rí ọṣẹ kankan mọ́. Èyí tí o kò rí yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé òtútù ńlá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo hun ìborùn kan fún ọ, ó nípọn, ó sì gùn. Wé e dáadáa. Dí gbogbo ihò tí atẹ́gùn lè gbà wọlé. Ihò kan péré ti tó fún òtútù. Gbogbo ihò, Eurico.

Mo ti ra ẹja gbígbẹ tí a máa jẹ lọ́dún sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlélógún ni n óò rẹ ẹ́ sómi.

Ìyá rẹ


Vilarelho da Serra
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá

Eurico,

Abílio rìn wá sílé ní ọjọ́ kejìlélógún, ó ní o pe fóònù ilé kọfí òun, pé iṣẹ́ pọ̀, o kò lè wá mọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo. Mo ti rẹ ẹja sómi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jẹ ẹ́, èmi nìkan.

N kò sọ pé kí o pa iṣẹ́ tì. Àwọn arúgbó ò mọ̀ pé ọdún ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọwọ́ a máa kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Ṣé ọwọ́ rẹ ti gé ni?

Zulmira


Vilarelho da Serra
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2012

Ọmọ mi,

Lẹ́tà kankan ò tíì dé. Mo bi Abílio léèrè lónìí bí ohùn rẹ ṣe rí nígbà tí o pè. Ó kọ́kọ́ ní òun ò rántí. Mo jókòó tì í títí. Ó wá ní o ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lórí ìdùbúlẹ̀.

Mo gun alùpùpù fún ọdún méjìlélógún. Mo mọ bí ẹni tó ṣubú ṣe máa ń dákẹ́. Ibo lo ti ṣubú? Kí ló ṣẹ́?

Ìyá rẹ


Wiltz
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kìn-ín-ní

Màmá,

Ẹ má bínú sí bí ìwé yìí ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá ni mo ṣubú. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ṣẹ́ níbi méjì, wọ́n fi irin sí i. Egungun èjìká sán díẹ̀. Mo fẹ́ kí ọwọ́ san kí n tó sọ fún yín, n kò fẹ́ kí ẹ máa dá ronú níbẹ̀. Àmọ́ òótọ́ ni pé mo bínú sí yín pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kí ẹlòmíì bá mi kọ ọ́.

Mo ṣe ohun tí ẹ wí. Ẹ ní kí n dí gbogbo ihò. Mo fa ìborùn yín sókè bo ẹnu àti imú, mo sì ti gbogbo ojú atẹ́gùn tó wà lára àṣíborí pa. Ara mi gbóná, mo tilẹ̀ ń yìn yín. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi odò, gíláàsì funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo gbé ọwọ́ òsì láti ṣí i, ó ti dì mọ́ra. Mo fi ìbọ̀wọ́ nù ún níta, inú ló sì ti bò. Mo mọ̀ pé kọ́nà wà níwájú, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀. N kò rí i. Irin ẹ̀gbẹ́ títì ni mo lọ kọlù.

Mo wà nílẹ̀ tó ogún ìṣẹ́jú kí awakọ̀ wàrà kan tó rí mi. Òun ló bá mi pe ibi iṣẹ́. Kí wọ́n tó rí ẹlòmíì rán sí Madame Thilges, aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Ebi ti ń pa á, ó ti jẹ búrẹ́dì láìgún abẹ́rẹ́, ṣúgà rẹ̀ sì lọ sókè gan-an. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Ó ti padà sílé. Òun náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi títí ọjọ́ kejì, ó rò pé mo gbàgbé òun.

Kí ló dé tí ẹ ní kí n dí gbogbo ihò?

Eurico


Vilarelho da Serra
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní

Eurico ọmọ mi,

Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ fún ọwọ́, pẹ̀lẹ́ fún èjìká. Kí Ọlọ́run bá ìyá yẹn náà ṣe é.

Ara ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo kọ ọ́: ọrùn ẹ̀wù, ọrùn ọwọ́, ìdí súwẹ́tà, ibi tí bàtà ti pàdé ṣòkòtò. Mi ò ní orí lọ́kàn rárá. Orí gbọ́dọ̀ mí. Abẹ́ àgbọ̀n ni ìborùn ń parí sí. Bí o bá fi bo ẹnu, gbogbo èémí rẹ òkè ló ń gbà, ojú gíláàsì ló sì ń lọ tààrà. O gbọ́dọ̀ ṣí gíláàsì níwọ̀n ìbú ìka kan bí o bá ń rìn díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa mí sísàlẹ̀, sí àyà. Mo mọ gbogbo èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ ọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bá mi jiyàn lórí ìyẹn.

Mo ní ohun kan tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Ọdún kejìdínlógún rèé tó ti wà lọ́rùn mi.

O mọ Baba Acácio tó ń tiro, tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé ìjọsìn kékeré. O ti gbọ́ pé ó yọ̀ lórí yìnyín lọ́dún 1994, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́, pé èmi ni mo rí i, tí mo sáré pe èèyàn. Irọ́ ni. Èmi ni mo gbá a.

Àárọ̀ oṣù kejì ni. Àpò lẹ́tà ti pẹ́, ọ̀gá wa sì ti sọ fún mi lójú gbogbo èèyàn pé bí obìnrin ò bá lè ṣe ọ̀nà òkè, kí ó wí. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn ni gíláàsì mi ti bò. Mo mọ̀ pé mi ò ríran. Ìka mi ti kú lórí búrèkì. Mo sọ fún ara mi pé mo mọ ọ̀nà yìí lórí, n óò dúró tí mo bá dé afárá. Acácio ru koríko màlúù sẹ́yìn, ó ń lọ níwájú mi. Mi ò rí i. Ariwo ni mo gbọ́.

Ó dákú díẹ̀. Nígbà tó lajú, ó ní, "Zulmira, kí ló ṣe mí?" Ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu mi jáde kí n tó rò ó: "O yọ̀ lórí yìnyín, Acácio." Ó gbà mí gbọ́. Gbogbo ìlú gbà mí gbọ́, wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Gíláàsì tó bò kì í pani, Eurico. Àìdúró ló ń pani. Ìwọ ò tíì mọ̀ ọ́n, èmi mọ̀ ọ́n, mi ò sì kọ ìyẹn náà fún ọ.

Ìyá rẹ


Wiltz
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Màmá,

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí lẹ́tà yín ti wà lórí tábìlì. Mo bẹ̀rẹ̀ èsì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ya á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. N kò lè sọ pé kò sí nǹkan. Baba Acácio ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ mú ẹja nínú odò, mo sì máa ń ṣe bí ó ṣe ń tiro káwọn ọmọ lè rẹ́rìn-ín. Ẹ gbá mi létí nítorí rẹ̀ nígbà kan. Ní báyìí ni mo mọ ìdí.

Ọwọ́ mi ti san. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ kẹfà. Oníṣọ́ọ̀bù alùpùpù bá mi lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kejì mọ́ inú tàkọ́kọ́, atẹ́gùn díẹ̀ wà láàárín méjèèjì, nítorí náà tinú kì í tutù, èémí ò sì ráyè bò ó. Ó fi nǹkan kan bo imú mi tó ń darí èémí sísàlẹ̀. Ọwọ́ alùpùpù mi náà ń gbóná báyìí, iná ló ń lò. Ìborùn yín ò kọjá àgbọ̀n.

Síbẹ̀, ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, kùrukùru bolẹ̀ nínú igbó, ó sì ń dì mọ́ ìta gíláàsì bó ṣe ń kàn án. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti dé ibẹ̀. Mo ronú pé mo mọ ọ̀nà yìí lórí. Bí mo ṣe ronú bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi tẹ búrèkì fúnra rẹ̀. Mo gbé alùpùpù sẹ́bàá igi, mo pe Madame Thilges, mo ní kí ó má fọwọ́ kan búrẹ́dì, mo ń bọ̀. Mo dúró tó ìdajì wákàtí, mò ń fò sókè sódò kí ara mi má baà dì.

Nígbà tí mo dé, ó jókòó sídìí tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo abọ́ búrẹ́dì bí ẹni tó ń ṣọ́ olè.

Ó ní, "Mo ti ń bú ẹ láti aago méje."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Madame. Mi ò ríran."

Ó ní, "Èmi náà ò ríran. Ṣé o rí mi tí mò ń gun alùpùpù?" Ó na apá sí mi. "Ó yá, gún mi. Ebi ń pa mí."

Ibi iṣẹ́ kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi nítorí ìpẹ́lẹ́yìn náà. Mo fọwọ́ sí i.

Màmá, ẹ lọ sọ fún Baba Acácio. Kì í ṣe èmi ló yẹ kí ẹ sọ fún.

Eurico


Vilarelho da Serra
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Eurico ọmọ mi,

Mo lọ.

Ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn tí mo gba lẹ́tà rẹ ni mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ń fọ́ igi ìdáná. Mo sọ ọ́ lórí ìdúró, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó, n óò sọ nǹkan mìíràn. Ó fi àáké lélẹ̀. Ó mọ̀ pé etí mi ti di. Ó wá sún mọ́ mi kí n lè rí ẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Felismina ìyàwó mi bá mi jà lórí bàtà mi títí ó fi kú. Ó ní òun ti sọ fún mi pé ìdí bàtà náà ti jẹ tán, pé agídí mi ló sọ mí di arọ. Ọdún mọ́kànlá, Zulmira. Lórí ibùsùn ikú rẹ̀, ó ṣì ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ra bàtà gidi fún mi. Mo gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi."

Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó ní kí n máa lọ.

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ náà, kò kí mi. Mi ò retí pé kí ó kí mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Mi ò fẹ́ owó ẹ, mi ò sì fẹ́ omijé ẹ. Ojú gbogbo wọn lo ti purọ́ yẹn. Ojú gbogbo wọn ni kí o ti sọ ọ́."

Mo bá a wọ ilé kọfí Abílio. Ibẹ̀ kún, òjò ń rọ̀. Mo dúró níwájú ààrò, mo sì sọ ọ́: gíláàsì bò mí lójú, n kò dúró, mo gbá Acácio, mo purọ́ fún un, mo purọ́ fún gbogbo yín. Abílio gbàgbé omi kọfí lórí iná títí ó fi hó dànù. Àwọn kan nínú wọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, mo rí i lójú wọn, mo sì gbà á.

Acácio wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ. Bàtà mi ò ṣe nǹkan kan." Ó fa àga kan jáde, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́ síwájú.

Ó wá gbójú sókè sí mi. Ó ní, "Kúrò níwájú ààrò, Zulmira. O ò jẹ́ kí iná dé ọ̀dọ̀ wa."

Mo kúrò, mo sì wá ibì kan jókòó sí.

Ìyá rẹ,
Zulmira